Ibi Tí Òòfà Náà Dé

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Sirajudeen, ọmọ Ìsẹ́yìn, fi wa kíréènì ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń yọ́ irin àlòkù lójú ọ̀nà Ìdíròkò, kí ènìyàn tó dé Iyana Iyesi láti Ọ̀tà. Kíréènì ọ̀hún kì í fi ìkọ́ gbé ẹrù. Irin òòfà ńlá kan, tó fẹ̀ tó tábìlì tí ènìyàn mẹ́fà lè jókòó yí ká, ló so rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí Sirajudeen bá tẹ bọ́tìnnì, iná á wọnú irin náà, gbogbo àlòkù tó wà nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn mọ́tò, páìpù, agolo, férémù kẹ̀kẹ́, á dìde fùú lọ lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá tún un tẹ̀, wọ́n á já bọ́ gbàrà-gàdà sẹ́nu ààrò. Iṣẹ́ náà ti mọ́ ọn lọ́wọ́ débi pé ó lè máa gbé irin kó máa bá ẹni tó wà nísàlẹ̀ jiyàn bọ́ọ̀lù.

Lọ́dún tó kọjá ni ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ó ṣubú níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, ó tún ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Àtàn. Rùkáyátù ìyàwó rẹ̀ kò dúró gbọ́ àgbo ẹnikẹ́ni; ó fi í sọ́kọ̀, ó di Abẹ́òkúta. Níbẹ̀ ni Dókítà Tẹjúmọ́lá, obìnrin kúkurú kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ti sọ fún wọn pé ọkàn bàbá yìí a máa gbàgbé láti lù. Wọ́n la abẹ́ egungun èjìká òsì rẹ̀, wọ́n ki ẹ̀rọ kékeré kan bọ̀ ọ́ tí kò ju bisikíìtì kan lọ, wọ́n sì na wáyà rẹ̀ dénú ọkàn. Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni kó máa tẹ́tí sí ọkàn. Bí ọkàn bá gbàgbé, kó rán an létí.

Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ sílé ni dókítà tó bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà tó gbọ́, ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Irin òòfà? Irú èyí tó ń gbé mọ́tò? Bàbá, ẹ ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn mọ́ o. Ó kéré tán, kí ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà wà láàárín ẹ̀yin àti òun."

"Tí mo bá wá sún mọ́ ọn ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ yẹn ò ní gbọ́ ohùn ọkàn yín mọ́. Ẹ má dán an wò."

Àwọn mìíràn ti ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò sì sí àyè àlàyé. Ìdajì ìdáhùn ni Sirajudeen gbé délé.

Ilé iṣẹ́ ò lé e. Injiníà Dúrótoyè, ọ̀gá wọn, gbé e lọ sẹ́nu géètì níbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ tó kó irin wọlé. Ó lé ní irinwó ẹsẹ̀ bàtà sí ibi tí kíréènì wà. Gbọ́ládé, ọkùnrin tí Sirajudeen fúnra rẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́, ló gba ìjókòó rẹ̀. Fún oṣù kan gbáko, kò sí wàhálà. Ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bá àwọn awakọ̀ tírélà jà nítorí wọ́n máa ń bu omi sórí irin kó lè wúwo.

Kàdírì ló tú ilé agbọ́n.

Àbúrò Rùkáyátù ni Kàdírì, tíṣà fíṣíìsì ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Iyana Iyesi. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ló wá kí wọn, ó gbé agbálùmọ̀ wá. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ ni Sirajudeen bi í, bí ẹni tó ń ṣeré, pé níbo gan-an ni agbára irin òòfà yẹn ti máa ń dópin. Ohun tó fẹ́ gbọ́ ni pé ó dópin ní ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, tàbí ní ogójì.

Ojú Kàdírì tàn. Ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ ni.

"Òpin kẹ̀, Bùrọ̀dá? Kò ní òpin o. Tí ẹ bá jìnnà sí i ní ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ẹ tún jìnnà ní ìlọ́po méjì, á tún dín kù bẹ́ẹ̀. Á máa kéré, á máa kéré, ṣùgbọ́n kò ní di òfo láéláé."

"Ṣé o fẹ́ sọ pé ó dé Àtàn níbí?"

"Ó dé Àtàn. Ó dé òṣùpá pàápàá."

"Kàdírì," ni Rùkáyátù wí, "jẹun."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu. Sirajudeen fọwọ́ lọ́ oúnjẹ rẹ̀ títí ó fi tutù.

Láti ọjọ́ yẹn ni ara rẹ̀ ò ti balẹ̀ mọ́. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, kò ní mọ ohun tó dìde fún. Àyà rẹ̀ á ṣàdédé já, òun á dúró sójú kan, á máa tẹ́tí. Ó gbé rédíò jù sílé ìdáná nígbà tó gbọ́ pé òòfà wà nínú sípíkà. Ó ní kí wọ́n má gbé fóònù sún mọ́ òun. Ó yí bẹ́ẹ̀dì padà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kọjú sí ìhà Ọ̀tà, kí àyà rẹ̀ lè jìnnà díẹ̀ sí i, ó sì mọ̀ nígbà tó ń yí i pé ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún péré ni òun ń sá nínú ìrìn máìlì mélòó kan. Ìyẹn ò dá a dúró.

"Ṣé Ọ̀tà lẹ ń bá ṣọ̀tá ni?" ni Rùkáyátù bi í.

"O ò lè mọ̀ ọ́n."

"Ẹ sọ ọ́ kí n mọ̀ ọ́n."

Báwo ni yóò ti sọ pé nígbà tó wà lórí kíréènì, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tan òòfà náà tó sì ń pa á, kò bà á lẹ́rù rí, pé ìgbà tó jìnnà sí i tán ló wá di ohun tó wà níbi gbogbo? Ó rò pé òun á padà sí Ìsẹ́yìn. Ó ti ń to aṣọ jọ nígbà tó rántí pé bí ohun tí Kàdírì wí bá jẹ́ òótọ́, Ìsẹ́yìn náà ò jìnnà tó. Kò síbi tó jìnnà tó. Ó da aṣọ náà sílẹ̀, ó jókòó tì wọ́n.

Rùkáyátù lọ bá àbúrò rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́. Níwájú àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti sọ fún un pé ohun tó fi ẹnu rẹ̀ bà jẹ́, kó wá fi ẹnu rẹ̀ tún un ṣe.

Ní àárọ̀ Sátidé, Kàdírì mú kọ́ńpáàsì dé láti ilé ẹ̀kọ́, ohun kékeré kan tó rí bí aago, tí abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ máa ń kọjú sí àríwá nígbà gbogbo. "Bùrọ̀dá, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Wọ́n dúró lẹ́yìn ògiri ilé iṣẹ́, níta gbangba, níbi tí wọ́n ti ń rí orí kíréènì lókè. Sirajudeen dúró sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ díẹ̀. Kàdírì nìkan ló sún mọ́ ògiri. Bí Gbọ́ládé bá ti tan òòfà nínú ọgbà, abẹ́rẹ́ á yí kúrò ní àríwá. Bó bá pa á, abẹ́rẹ́ á padà. Sirajudeen na ọrùn, ó rí i tó ń yí. Wọ́n fà sẹ́yìn ní ogún ìṣísẹ̀. Abẹ́rẹ́ ṣì ń yí, ṣùgbọ́n ó kéré. Wọ́n tún fà sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé etí títì, kíréènì gbé irin, ó sọ irin, abẹ́rẹ́ ò mira.

"Ẹ rí i?" ni Kàdírì wí.

Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni tírélà kan kọjá pẹ̀lú ẹrù sìmẹ́ńtì, abẹ́rẹ́ sì yí kìrì.

"Kí nìyẹn?"

"Irin tírélà ni. Ó sún mọ́ wa ju kíréènì lọ, òun ló fi lágbára ju kíréènì lọ níbí."

Sirajudeen gba kọ́ńpáàsì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. "Kí ló ń fa abẹ́rẹ́ yìí sí àríwá nígbà tí kò sí kíréènì, tí kò sí tírélà?"

"Ilẹ̀ ayé. Òòfà ni ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀."

"Ilẹ̀ tí mo dúró lé yìí?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín."

Kàdírì rò pé ìyẹn á fún un ní ìsinmi. Sirajudeen ti gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sókè kó tó mọ̀ pé kò síbi tí òun fẹ́ gbé e sí.

"Ohun tí mo rí," ló wí, "ni pé abẹ́rẹ́ ló dákẹ́. Òòfà ò dákẹ́. Bí ènìyàn bá dúró sí Sango Ọ̀tà tó ń pè mí, tí mi ò gbọ́, ṣé ìyẹn ní kò pè mí ni?"

Kàdírì gba kọ́ńpáàsì náà padà. Ó pa ìdérí kọ́ńpáàsì náà dé. "Bùrọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín. Ìwé ló sọ ohun tí mo sọ fún yín lọ́jọ́sí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù wá lọ ti wọn agbára òòfà dé ọ̀nà tó jìn, ó jìn ju òṣùpá lọ dáadáa, wọn ò tíì rí ibi tó ti dá. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n wọ̀n dé, ó níye. Lẹ́yìn ibẹ̀, ìṣirò ló ń sọ̀rọ̀, ojú ò tíì débẹ̀. Ó lè má lópin. Ó sì lè jẹ́ pé òpin rẹ̀ jìn débi pé kò sẹ́ni tó máa débẹ̀ láé. Èmi ò mọ̀."

"Tíṣà ni ẹ́, o ò mọ̀?"

"N ò mọ̀."

Sirajudeen fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń rìn lọ sí ìhà Iyana Iyesi bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kàdírì ní láti sáré bá a.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, ní Ọjọ́rú, aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ti kọjá díẹ̀, Sirajudeen ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ kan sílẹ̀ lẹ́nu géètì nígbà tó gbọ́ tí ẹ́ńjìnì kíréènì wúkọ́, tó tún wúkọ́, tó wá dákẹ́. Igbe tẹ̀lé e.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Babájídé, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣa irin, ti wọ abẹ́ ẹrù lọ fa wáyà tó kọ́ ẹrù lẹ́sẹ̀. Èèwọ̀ ni, gbogbo wọn ló sì máa ń ṣe é. Òkìtì irin yọ̀, páànù tó nípọn kan wó lé e lẹ́sẹ̀, ó há síbẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnì kú. Òòfà ṣì di ẹrù rẹ̀ mú, nítorí bátìrì wà tó ń gbà á dúró bí ẹ́ńjìnì bá kú, ṣùgbọ́n bátìrì ọ̀hún ti gbó. Férémù mọ́tò kan àti ogunlọ́gọ̀ àlòkù mìíràn rọ̀ sórí Babájídé, agogo ìkìlọ̀ sì ti ń ké péé péé péé.

Sirajudeen sáré dé ibi tó mọ̀ pé ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà pé, ó dúró gbọn-in. Gbọ́ládé ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí kíréènì, ó káwọ́ lé orí.

"Ọ̀gá, kò jí! Mo ti ṣe é títí, kò jí!"

"Fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀! Padà gòkè. Ọ̀pá pupa kan wà lẹ́yìn ìjókòó, fà á sókè. Ọrùn kíréènì á tú, á lè yí."

Gbọ́ládé gòkè, ó fà á. Ọrùn kíréènì tú lóòótọ́, ó mì díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa fà á yí. Okùn ni wọ́n nílò, okùn tí wọ́n máa so mọ́ ẹrù náà kí wọ́n fi wọ́ ọ kúrò lórí Babájídé. Okùn wà níbẹ̀. Ọkùnrin mẹ́jọ ló dúró tì í. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé e wọ abẹ́ irin tó lè já nígbàkigbà, a ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ọmọ ń bẹ nílé oníkálukú.

"Ẹ má jẹ́ n kú síbí o," ni Babájídé ń wí. Kò pariwo rẹ̀. Èyí ló burú jù.

Sirajudeen kò rántí pé òun ronú. Ó rántí pé òun ń bínú: ó ń bínú sí Gbọ́ládé, ó ń bínú sí bátìrì, ó ń bínú sí oṣù kan àti ọjọ́ mélòó kan tó ti fi ń sá káàkiri ilé bí adìyẹ tí òjò ń lé. Ó fa okùn gbà, ó forí lé abẹ́ ẹrù náà.

Ìṣísẹ̀ mẹ́fà. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ. Lábẹ́ férémù mọ́tò náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Kò dà bí àyà jíjá tó máa ń mú un ní Àtàn. Àyà rẹ̀ ò já rárá. Ńṣe ni ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù dọ́gbadọ́gba, líle, kíákíá, kì, kì, kì, bí ẹni tó ń gún iyán tí kò sì wojú ẹnikẹ́ni. Ó mí sínú, ìlù náà ò yí padà. Ó tẹ̀ ba, kò yí padà. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè so okùn mọ́ férémù, ó ta kókó lẹ́ẹ̀mejì, ọkàn náà ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, Ó dára, ó ti dé ọ̀dọ̀ mi nìyí. Ìbẹ̀rù tó ti ń retí kò wá.

Ó fà sẹ́yìn pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. "Ẹ bọ́ síbí kí ẹ fà á!"

Gbogbo wọn sáré bọ́ sórí okùn. Ọrùn kíréènì han, ó yí díẹ̀, ó tún yí, ẹrù náà sì ń lọ bí ẹni tí kò fẹ́ lọ, títí ó fi kúrò lórí Babájídé tó bọ́ sórí ilẹ̀ gbalasa. Wọ́n ṣì ń fà á lọ́wọ́ nígbà tí agogo ìkìlọ̀ dákẹ́. Òòfà jọ̀wọ́ ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ mì. Eruku bo gbogbo wọn, nígbà tó sì tú ká, Babájídé wà níbi tó wà, ó ń sunkún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán.

Sirajudeen lọ jókòó ti ògiri. Ìlù tó wà nínú àyà rẹ̀ ti parí, kò mọ ìgbà tó parí. Ọkàn rẹ̀ padà sí bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó ń kánjú, ó ń fà sẹ́yìn, ó ń gbọ̀n. Injiníà Dúrótoyè dì í lọ́wọ́ mú láti wò bóyá ara rẹ̀ ṣì gbóná.

Rùkáyátù kò kí i kú ewu nígbà tó gbọ́. Orí ìdúró ló wà láti ọ̀sán títí wọ́n fi pe ìrun àṣálẹ́.

"Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ gbé rédíò mi jù sílé ìdáná! Ẹ̀yin tí ẹ ò lè sùn ní Àtàn nítorí ohun tó wà lójú ọ̀nà Ìdíròkò! Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn wọ abẹ́ rẹ̀?"

"Babájídé wà lábẹ́ ibẹ̀."

"Mo mọ̀ pé Babájídé wà lábẹ́ ibẹ̀!" Ó jókòó níkẹyìn, ó fi iborùn bo ojú. "Mo mọ̀. Mo ti lọ kí ìyàwó rẹ̀. Obìnrin yẹn dọ̀bálẹ̀ fún mi bí ọkùnrin, n ò mọ ohun tí n máa wí."

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dé Abẹ́òkúta. Dókítà Tẹjúmọ́lá gbé nǹkan kan lé e láyà, tó ní wáyà tó lọ sínú kọ̀ǹpútà, ó sì ń wo ojú kọ̀ǹpútà náà.

"Ẹ̀rọ yìí ní ìrántí," ló wí nígbà tó yá. "Bó bá ti pàdé òòfà, á kọ ọ́ sílẹ̀. Á pa etí sí ọkàn, á kàn máa lù ní iye tirẹ̀ títí òòfà á fi kúrò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí níbí. Ọjọ́rú, aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́rin."

"Ẹ wo èyí tó ṣáájú."

"Kò sí èyí tó ṣáájú."

"Àyà mi ti já ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ, Dókítà."

"Mo rí ìyẹn náà." Ó yí kọ̀ǹpútà sí i, ó fi ìka tọ ìlà kan tó ga tó wálẹ̀. "Ẹ wò ó, ọkàn yín ló ń sáré fúnra rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni ọkàn rẹ̀ ń ṣe báyìí. Ẹ̀rọ ò bá a dá sí i."

Sirajudeen wo ìlà náà, ó tún un wò. Ojú tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀ ò jẹ́ kí ìtìjú náà jókòó.

"Ṣé kò dé ọ̀dọ̀ mi ni, àbí ó dé, ẹ̀rọ yìí ni kò gbọ́?"

Rùkáyátù fi ìgbọ̀nwọ́ tì í. Dókítà ò bínú. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

"Bàbá, n ò lè búra fún yín pé kò dé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó kéré débi pé kò sí nǹkan kan nínú ara yín, tàbí nínú ẹ̀rọ yìí, tó lè yàtọ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ lè gbé ayé yín lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún lọ dúró sábẹ́ rẹ̀, èmi ni n máa kọ́kọ́ bá yín jà."

Ilé iṣẹ́ gbé e lọ sí Igbesa lóṣù tó tẹ̀lé e, síbi tí wọ́n ti ń gba irin jọ kó tó di pé wọ́n kó o wá sí Ọ̀tà. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń ṣa irin níbẹ̀. Ọ̀kadà ló ń gbé e lọ láàárín igbó láràárọ̀, eruku pupa á ti bò ó kó tó débẹ̀. Ó ń sùn báyìí, kì í ṣe lójoojúmọ́. Babájídé ń fi ọ̀pá rìn.

Nígbà mìíràn tí Kàdírì bá wá kí wọn, Sirajudeen á dúró kí Rùkáyátù wọ ilé ìdáná lọ kó tó sún mọ́ ọn.

"Àwọn tó wọ̀n ọ́n dé ẹ̀yìn òṣùpá yẹn," á wí, "ṣé wọ́n ti tún lọ sí i?"

"Wọ́n ṣì ń lọ, Bùrọ̀dá."

"Tí wọ́n bá rí òpin rẹ̀, tàbí wọn ò rí i, wá sọ fún mi. Èyíkéyìí tó bá jẹ́."